Fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣeé wá: ojú òpó àsanwó ni àbí YouTube pẹ̀lú Whisper?

Ẹni tó bá ti ká ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì sílẹ̀ rí mọ ìbéèrè tó ń tẹ̀lé e: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti sọ̀rọ̀ VAT?" Mo ti gbé ọ̀nà méjèèjì wò: ojú òpó tí a ń sanwó fún láti tọ́jú fídíò kí a sì wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti YouTube pẹ̀lú Whisper, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ.

Ní ti wíwá, ojú òpó àsanwó ló mókè. Èyí tí mo lò ń ka ọ̀rọ̀ ara síláìdì. Ẹ tẹ VAT, ó gbé yín débẹ̀, bí ẹnu yín ò tilẹ̀ pè é.

Ní ti pínpín sí orí, YouTube ti tó. Ẹ kọ àkókò àti àkọlé sínú àlàyé abẹ́ fídíò: 0:00 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó pé mẹ́ta ó kéré tán, kí orí kankan má sì dín ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Èmi fi 1:00 bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, orí kankan ò yọ, mo wá ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ti Yorùbá, ẹ má retí púpọ̀. Whisper, tí OpenAI gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2022, ka Yorùbá mọ́ èdè tó gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ fún mi, àánú ló ṣe mí. Gẹ̀ẹ́sì ló já fáfá nínú ẹ̀.

Ibi tó dùn mí rè é: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò, kí lẹ máa rí kó? Fídíò 36 la gbé sórí ojú òpó àsanwó kan. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ kan fi ń tún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ láti inú wọn ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan, owó wa la sì fi san án. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí náírà já ní 2023, apá wa ò ká a mọ́. Fídíò jáde, ọ̀rọ̀ ò jáde, àní ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n ní ẹni tó wà lórí ètò olówó ńlá nìkan ló lè kó o. A ní ká san toṣù kan. Wọ́n ní ọdún kan ni. Bí iṣẹ́ oṣù méjì ṣe wọlẹ̀ nìyẹn.

Fáìlì SRT tí Whisper ń kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ fídíò pẹ̀lú àkókò ìlà kọ̀ọ̀kan, inú kọ̀ǹpútà yín ló ń wà. Notepad lásán ń ṣí i, YouTube náà ń gbà á. Ó ń falẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní káàdì GPU, ẹ̀yà tó ń mú irú iṣẹ́ yìí yá, o. Òru ni mo máa ń gbé e sí, bí NEPA bá gbà.

Tí ilé-iṣẹ́ yín bá lówó tí síláìdì yín sì pọ̀, ojú òpó àsanwó dára. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fún yín, ẹ gbé fídíò oníṣẹ́jú márùn-ún síbẹ̀, kí ẹ wá bọ́tìnì tó ń kó SRT jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ṣí fáìlì náà wò lójú ara yín kí ẹ tó mú káàdì báǹkì jáde.