Àgbéyẹ̀wò: àwọn wẹ́dà tó ń tún bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹskavétọ̀ ṣe lórí sáìtì ní Ìkòròdú

Àwọn wẹ́dà tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti máṣíìnì wọn wá bá ẹskavétọ̀ (katakata tó ń walẹ̀) níbi tó wà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín ni wọ́n ti sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹskavétọ̀ tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n bá wa ṣe: ètè rẹ̀ ti jẹ, àdápítà tó di eyín méjì mú ti sán nídìí, ihò píìnì tó so ó mọ́ apá ẹskavétọ̀, tó wà ní etí rẹ̀, sì ti gùn bí ẹyin. Iyanrìn ló ń kó. Ẹni tó bá rò pé iyanrìn ò lè ṣe irin ní nǹkan kan, kó wá wo gìgísẹ̀ (ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn) bọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Èrò mi rèé: wọ́n mọ irin jó, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ kí wọ́n tó jó o, èyí tí kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ihò píìnì lé wọn lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó tan iná, wọ́n tú wáyà bátìrì, wọ́n sì yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Wọ́n so kébù áàtì, èyí tí iná máṣíìnì ń gbà padà, mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nítòsí ibi tí wọ́n fẹ́ jó, lórí irin tí wọ́n ti họ títí tó fi ń dán. Ẹ fojú sí èyí lọ́dọ̀ wẹ́dà yòówù tí ẹ bá pè. Bó bá so áàtì mọ́ ṣéènì tí ẹskavétọ̀ fi ń rìn, inú píìnì, bẹ́ríìnì àti sìlíńdà ni iná náà máa gbà padà, á sì máa ta pàrà láàárín wọn, á jẹ ojú wọn ní kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò ní rí i lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí bẹ́ríìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han lẹ́yìn tí wẹ́dà ti gba owó lọ lẹ máa tó mọ̀.

Wọn ò kàn da irin lé ojú ibi tó sán. Wọ́n fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù àti afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gbẹ́ ẹ títí dé ìdí, wọ́n sì fi gíráńdà họ gbogbo dúdú tí kábọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ kúrò. Ara bọ́kẹ́ẹ̀tì tó là, wọ́n lu ihò bíi mílímítà 6 sí òpin rẹ̀, kí ó má baà máa sá lọ níwájú iná.

Lẹ́yìn náà ni ooru. Irin tí wọ́n yọ́ dà ní ilé iṣẹ́ ni àdápítà, ètè bọ́kẹ́ẹ̀tì sì nípọn. Bí ẹ bá jó wọn ní tútù, irin tó nípọn á fa ooru lọ kíá, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ jó á le gbagidi, á sì sán, nígbà míì ó di ọjọ́ kejì kó tó hàn. Wọ́n fi gáàsì yá a dé nǹkan bíi 150 sí 200 dígírì Sẹ́lísíọ̀sì. Ṣọ́ọ̀kì tó ń yọ́ nígbà tí ooru bá pé ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe itọ́ bí ti àwọn kan. Ṣùgbọ́n kí gáàsì tó kan irin kankan, ẹ fi òòfà kàn án ná. Òòfà kì í mú irin mángáníìsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Òun kò fẹ́ ooru rárá. Bó bá kọjá bíi 260 dígírì, agbára rẹ̀ ń lọ, á wá máa ṣẹ́.

7018 ni oríṣi ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tó ń yọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin) tí wọ́n lò, wọn ò lo 6013 tí wọ́n fi ń jó gééètì. Èyí tó nípọn tó mílímítà 3.2 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nídìí, ní áńpíà 110 sí 130, kí wọ́n tó fi 4.0 kún un. Wọ́n ń gbá ìdàrọ́ kúrò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún fa òmíràn. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá 7018, ọ̀sà sì wà létí wa níbí. Omi tó bá fà mọ́ra á di háídírójìn nínú irin, ìyẹn ló sì ń mú kó sán. Ìlànà AWS D1.1, ti ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà Amẹ́ríkà, fún un ní wákàtí 4 péré lóde ààrò. Wọ́n gbé ààrò kékeré wá, mo gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ nígbà tó yá, ọmọ iṣẹ́ wọn kan fẹ́ lo èyí tó ti wà níta látàárọ̀, ó ní òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin títí á fi pọ́n, á ti gbẹ. Irọ́ ni. Ààrò tó dé 260 dígírì ó kéré tán, fún wákàtí 2, ló lè gbẹ ẹ́. Àwa la ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ti ẹlẹ́kítíróòdù líle tí wọ́n fi bo gìgísẹ̀, ìpele méjì ni wọ́n dà. Ó tó, bó bá ti ju mẹ́ta lọ, á máa ṣí kúrò. Bí ẹ bá rí i tó ń sán tín-ín-rín ní ìbú, ẹ má bínú sí wọn, bí irú rẹ̀ tó ní kúrómíọ̀mù púpọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tí mo bá wọn wí lé lórí ni pé wọ́n fẹ́ fa ìlà náà gùn sí ibi tí iyanrìn ń gbà kọjá. Ibi òkúta nìyẹn ti dára. Fún iyanrìn, ẹ jẹ́ kí ìlà dábùú ọ̀nà rẹ̀, kí iyanrìn lè dì sáàárín wọn, kí iyanrìn míì máa họ iyanrìn dípò irin.

Ẹ̀yin lẹ máa ra pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi bò ó. Bí ẹ bá lọ sí Òwodé Onírin, ẹ mú fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin dání, kí ẹ fà á lára pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà àti lára irin lásán. Èyí tó le ní tòótọ́, kì í rọrùn fún fáìlì láti jẹ ẹ́. Owó iṣẹ́, dísù àti ẹlẹ́kítíróòdù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ, ẹ bèèrè páálí tí wọ́n tú.

Ihò píìnì wá ni ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀. Wọ́n da irin kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi gíráńdà ọwọ́ tẹ́ ẹ títí píìnì fi wọlé. Píìnì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò méjèèjì ò kọjú sí ara wọn, ẹ̀gbẹ́ kan bùṣì (òrùka irin tí píìnì ń yí nínú rẹ̀) nìkan ló ń jẹ. Iṣẹ́ yìí nílò ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá tó ń gba inú ihò méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kó gbẹ́ wọn sórí ìlà kan. Wọn ò ní in. Bí ihò bá ti gùn, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ní in, tàbí kí ẹ tú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó pe àwọn wọ̀nyí fún ètè àti eyín.