Ìdè Thomas fún tíúùbù èémí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Púlásítà ni ọ̀pọ̀ àwa akunnilóorun fi kọ́ bí a ṣe ń de tíúùbù èémí, ìyẹn ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ẹnu lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, mọ́ ẹnu aláìsàn, kò sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba àyè. Àmọ́ bí itọ́ bá rin ín, tàbí tí irùngbọ̀n aláìsàn bá kún, ó lè máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí a ta bo aláìsàn, níbi tí ojú wa kò tó.

Ibẹ̀ ni ìdè Thomas, tí ilé-iṣẹ́ Laerdal ti orílẹ̀-èdè Nọ́wè ń ṣe, ti wúlò gan-an. Oníke ni. Tíúùbù á gba inú rẹ̀ kọjá, a ó yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dì í mú láìfún un pa, a ó sì gbé bẹ́líìtì aláṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra gba ẹ̀yìn ọrùn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni apá tó wọ ẹnu, tí kì í jẹ́ kí aláìsàn tí oorun ń dá lójú rẹ̀ gé eyín mọ́ tíúùbù kí afẹ́fẹ́ sì dí. Kí a tó de bẹ́líìtì, ó yẹ kí a fi ìka wò ó bóyá ètè há sábẹ́ ike.

N kì í lò ó fún iṣẹ́ abẹ ojú tàbí ẹnu, torí ó gbòòrò jù. Bí aláìsàn yóò bá dojú bolẹ̀, ike líle náà lè tẹ ètè rẹ̀ di egbò. Nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ẹ̀wẹ̀, bẹ́líìtì tó bá fún ọrùn jù lè ṣèdíwọ́ fún ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí bọ̀. Púlásítà ni mo máa ń padà sí nígbà náà, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ètè, nítorí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ a máa mì.

Kò sí ìdè tó lè dá ìrìn tíúùbù nínú ọ̀fun dúró pátápátá. Tí a bá tẹ orí aláìsàn síwájú, ẹnu tíúùbù tó wà nínú ọ̀fun á wọlé sí i. Tí a bá gbé e sẹ́yìn, á jáde díẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, mo tún máa ń ka àmì ara tíúùbù tó wà létí eyín, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 21 fún obìnrin àti 23 fún ọkùnrin, mo sì máa ń gbọ́ èémí ní ẹ̀gbẹ́ àyà méjèèjì.

Ilé ìwòsàn tó ń gbé aláìsàn pẹ̀lú tíúùbù lẹ́nu láti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni mo gbà nímọ̀ràn jù pé kó rà á. Ẹni kan ṣoṣo ni a ń lò ó fún. Kí wọ́n má ṣe fọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn.