Abẹ́òkúta, Ọ̀ṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀: èwo lẹ máa kó ẹbí lọ láti Ìbàdàn?

Ìlú mẹ́ta yìí ni ẹ lè jí lọ láti Ìbàdàn, kí ẹ wo ohun àtijọ́ inú wọn, kí ẹ sì padà sùn sílé lálẹ́. Mo ti kó ìyá mi àti àwọn ọmọ mi dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí n tó mú ibi tí a máa lọ báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ni kò lè rìn jìnnà nínú wa. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Ọ̀nà

Ọ̀nà kan náà ló lọ sí Ọ̀ṣogbo àti Ifẹ̀ láti Ìwó Road: Ẹgbẹ́dá, Àsejírè, Ìkirè, títí dé Gbọ̀ngán. Níbẹ̀ ni ará Ọ̀ṣogbo ti máa yà, tí ará Ifẹ̀ á máa lọ tààrà.

Abẹ́òkúta ní ọ̀nà méjì. Ẹ lè gba Àpáta àti Ọmí-Àdió lọ, ẹ sì lè wọ rélùwéè ní Mọníyà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò, ó sì máa ń dúró ní Abẹ́òkúta. Fún ọmọ tí kò wọ̀ ọ́ rí, ìrìn náà fúnra rẹ̀ ti tó ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ rẹ̀, Láderin, kò sí láàárín ìgboro, ẹ máa tún wọ mọ́tò débi Olúmọ. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ, ẹ wo aago tí ti àbọ̀ máa gbéra.

Abẹ́òkúta

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí Olúmọ, Màámi dúró nídìí àtẹ̀gùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n di orúnkún mú. “Ẹ máa lọ, ẹ ó bá mi níbí.” Abẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú ike omi títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn mí títí dòní, nítorí èmi ni mo yẹ kí n ti rò ó. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó fọkàn lé e.

Àwọn ọmọ ní tiwọn kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lára òkúta. Ẹ sọ fún wọn pé láti Ìbàdàn níbí ni àwọn Ẹ̀gbá ti ṣí lọ, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ojú tí wọ́n á fi wo òkúta náà á yàtọ̀.

Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ni Màámi ti rí tiwọn gbà. Tí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ oníko níbẹ̀, ẹ wo àwọn òbìrí ara rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n fọwọ́ dì, òbìrí kan kì í jọ èkejì délẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, gbogbo wọn á rí bákan náà. Màámi béèrè Ìbàdàndùn, àdìrẹ tó ní òpó Mápó lára, wọ́n sì ń fi ìka tẹ̀lé òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú aṣọ. Ẹ fọ aṣọ aró lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Ọ̀ṣogbo

Tí àgbàlagbà bá wà nínú yín, ibí ni mo fara mọ́ jù. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì fi í kún ogún àgbáyé ní 2005. Òjìji igi bo ọ̀nà, èèyàn lè rìn díẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Àwọn ère ńláńlá tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger ará Austria, àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú mọ wà káàkiri. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́wọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti da omi Ọ̀ṣun rú, nítorí náà kí ọmọ má bu ú mu, kó má sì fi bọ́jú. Ìkejì, ojúbọ ni ibẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà yín bóyá ẹ̀sìn wọn gbà á kí ẹ tó gbéra, ẹ sì gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹni tó ń bọ̀rìṣà. Lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, èrò á pọ̀ kọjá ohun tí ọmọdé lè fara dà.

Ilé-Ifẹ̀

Ibí á sú ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ ilé-ìwé girama ni kí ẹ mú wá, kó ka ìṣó irin tó wà lára Ọ̀pá Ọ̀rańmíyàn, kó sì gbọ́ bí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ṣe kan ère orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀ ní 1938. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ìrìn ibẹ̀ kò pọ̀, àgbàlagbà náà á gbádùn rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ sí Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyákẹ lórí òkè. Ó rẹwà, àmọ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 300. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ibi yòówù kí ẹ mú, ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ sì kúrò níbẹ̀ ní mẹ́ta ọ̀sán kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá yín nínú gosíloò. Tí ẹ bá gba Ìkirè bọ̀, ẹ ra dòdò ibẹ̀, èyí tó dúdú mìnìjọ̀, tí ata rẹ̀ ń ta lẹ́yìn adùn. Ẹ ra ju èyí tí ẹ rò lọ, torí kì í sábà kù dé ilé.