Ọdún kan ààbọ̀ pẹ̀lú ggplot2, irinṣẹ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà: bí mo ṣe ń ya àwòrán ipò ẹ̀gẹ́ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́

Oríṣi ẹ̀gẹ́ 12 ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa gbìn káàkiri agbègbè Ogbómọ̀ṣọ́, láti ọ̀nà Ajáàwá títí dé ìhà Ìkòyí-Ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi náà ni mo sì ń ṣe ìṣirò. Nínú oko kọ̀ọ̀kan, a máa ń wọn ilẹ̀ mítà 5 sí mítà 5, a ó wú ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ bá wọn kílò 45, tọ́ọ̀nù 18 lórí hẹ́kítà kan nìyẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo fi sọ́fítíwíà oníṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ya àwòrán ọ̀pá, mo tò wọ́n láti orí èyí tó ṣe dáadáa jù dórí èyí tó kẹ́yìn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń ṣèpàdé.

Èyí tí a ń pè ní Onígi-pupa ló gbapò kìíní. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra igi rẹ̀ ní ìdì-ìdì. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé láfún ló ń tà, fi gbogbo owó àjọ tó kó rà á. Nígbà náà ni bàbá alága wa na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sí ògiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tó ṣe ìkíní yìí, báwo ló ṣe ju ìkejì lọ tó? Bí a bá tún gbin gbogbo wọn lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé òun náà ni yóò tún ṣe ìkíní?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó." Kò sí ibi tí èsì ìbéèrè yẹn wà lára àwòrán mi. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé oko mẹ́ta péré ni nọ́ńbà Onígi-pupa ti wá, tí àwọn yòókù sì ní oko mẹ́wàá sí méjìlá. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó àjọ ìyá yẹn ni mò ń rò.

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé Under-G ló fi R àti ggplot2 hàn mí. R ni èdè ìṣirò tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand; ggplot2 ni irinṣẹ́ ìyàwòrán tí Hadley Wickham gbé jáde fún un lọ́dún 2007. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Orí fáláàṣì ló ti kó wọn sínú láptọ́ọ̀pù mi, láti ìgbà náà mi ò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó ya ohunkóhun. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí owó dátà sì ń jẹ ènìyàn, ìrọ̀rùn ńlá ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí nínú rẹ̀ ni títò. Bí o bá kàn kó orúkọ sí i, á tò wọ́n bí álífábẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ á sì rí jágbajàgba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré, reorder, ni wàá fi sọ fún un pé kó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìpíndọ́gba, èyí tó ga jù á sì bọ́ sókè. Ìkejì ni geom_pointrange. Dípò ọ̀pá gbàǹgbà, á fi àmì róbótó kan sí ibi tí ìpíndọ́gba wà, á wá fa ìlà tín-ín-rín gba àárín rẹ̀ kọjá sí ọ̀tún àti sí òsì. Ìlà yẹn ló ń sọ ibi tí iye gidi lè bọ́ sí. Láti ẹ̀yà 3.3.0 tó jáde lọ́dún 2020, o lè fa ìlà náà ní ìbú tààrà láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí àwòrán padà, orúkọ ẹ̀gẹ́ á sì wà lápá òsì ní kíkà.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí o bá lo stat_summary, àṣẹ tó ń bá ọ ṣírò ìpíndọ́gba àti ìlà rẹ̀, láìsọ irú ìlà tí o fẹ́, mean_se ló máa ṣe fún ọ. Ìwọ̀n standard error (ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìpíndọ́gba ṣe lè yà kúrò lórí iye gidi tó) kan péré ni ìlà yẹn gùn sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó kúrú ju ìlà ìdá 95 nínú 100 tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ń wò, èyí tí à ń retí pé á gba iye gidi mọ́ra ní nǹkan bí ìgbà 95 nínú 100. Lóòótọ́ ó kọ ìkìlọ̀ kékeré sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn nígbà tí àwòrán ti jáde rèǹtè-rente? Èmi ò kà á. Àwòrán mi kejì, tí mo rò pé mo fi ń tún ti àkọ́kọ́ ṣe, sì tún fi ojú ìdánilójú wo Onígi-pupa. Àṣẹ mean_cl_normal ló yẹ kí n lò, ìyẹn á sì ní kí o kọ́kọ́ fi Hmisc, àkójọ irinṣẹ́ R mìíràn, sínú kọ̀ǹpútà. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ó mọ iye oko tí nọ́ńbà ti wá. Bí oko bá pọ̀, nǹkan bí 1.96 la fi ń sọ standard error di púpọ̀ kí ìlà tó pé ìdá 95. Bí oko bá jẹ́ mẹ́ta péré, 4.30 ni! Bí mo ṣe yí i padà báyìí, ìlà Onígi-pupa nà gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán dé ìkejì, ó gba orí gbogbo ẹ̀gẹ́ tó kù kọjá. Mo jókòó, mo wò ó títí. Ìdáhùn tí bàbá ń béèrè ti wà níwájú mi.

Ohun tó fà á ni pé oko mẹ́ta lè ṣe kòńgẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹ̀gẹ́ tí oko rẹ̀ kéré níye ló máa ń fò lọ sókè pátápátá tàbí kó já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í sábà dúró láàárín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo iye oko kí n tó wo ipò. Mo ti wá ń kọ iye oko sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan lára àwòrán.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ggplot2 kò ní sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí ìlà méjì bá ti gba orí ara wọn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀gẹ́ kan mú tọ́ọ̀nù 18, òmíràn mú 24, standard error àwọn méjèèjì sì jẹ́ 2. Ìlà ti àkọ́kọ́ á lọ láti 14.1 dé 21.9, ti ìkejì láti 20.1 dé 27.9. Wọ́n gba orí ara wọn, àbí? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 6, standard error ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ nǹkan bí 2.83, ìyẹn ni pé 6 ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Goldstein àti Healy, dábàá pé bí ó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn fẹ́ fi ojú wé ìlà méjì síra wọn ni, kí a fa ìlà ní ìwọ̀n standard error 1.39 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ mi, 15.2 sí 20.8 àti 21.2 sí 26.8 ló máa jáde, wọn ò sì kan ara wọn mọ́. Ìlà méjì ni mò ń fà nísinsìnyí fún ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan: èyí tó nípọn fún fífi wéra, èyí tó tín-ín-rín fún ìdá 95. Mo sì ń kọ ìtumọ̀ méjèèjì sábẹ́ àwòrán ní Yorùbá.

Ní ti ipò fúnra rẹ̀, ggplot2 ò ní irinṣẹ́ kankan tó ń fi hàn bí ipò ṣe dáni lójú tó, èyí sì dùn mí nítorí ipò gan-an ni àwọn èèyàn ń kà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é: mo ní kí R máa ṣa àwọn oko mú lẹ́ẹ̀kan sí i, kó dá wọn padà kó tún ṣà, ní ìgbà 2,000, kó sì to ipò wọn nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gẹ́ méjì tó wà nísàlẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nísàlẹ̀. Lójú tèmi, a lè fi wọ́n sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Àwọn tó wà láàárín ń gba ipò ara wọn bí ọmọdé tó ń ṣeré lójú agbo.

Àmì ohùn wa náà fún mi ní wàhálà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí PDF, gbogbo ibi tí mo kọ "ẹ̀gẹ́" sí di àmì ìdánudúró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀nà ìtẹ PDF mìíràn nínú R, cairo_pdf, pẹ̀lú lẹ́tà DejaVu Sans ló tán an. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá ní kí n fún irinṣẹ́ yìí ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni. Máàkì kan lọ nítorí ìlà kúkúrú mean_se yẹn, ìkan lọ nítorí ọ̀rọ̀ ipò. Kíkọ́ rẹ̀ gba tó oṣù méjì lọ́wọ́ mi, mi ò sì kábàámọ̀.

Mo gbé àwòrán tuntun lọ sí ìpàdé, mo sì bẹ ìyá aláfún níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n má bínú sí ara mi, àwọn á gbin èyí tí àwọn ti rà. Bàbá alága ní kí n tún ìlà gígùn yẹn ṣàlàyé. Mo sọ fún wọn pé kí standard error tó lè já sí ìdajì, oko gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni pé mẹ́ta gbọ́dọ̀ di méjìlá. Wọ́n ka ìka ọwọ́ wọn, wọ́n yíjú sí àwọn èèyàn, wọ́n ní, "Ó ku mẹ́sàn-án. Ta ló máa fún wa nílẹ̀?" Àwọn mẹ́jọ ti nawọ́. Bàbá fúnra wọn ló ṣe ìkẹsàn-án.