HiAce tòkunbọ̀ tí a fi ń kó ẹgbẹ́ jùjú wa ròde

Ẹni mẹ́wàá ni wá nínú ẹgbẹ́ jùjú wa n'Íbàdàn, èmi ni mo ń mójú tó irinṣẹ́. Kí a tó ní ọkọ̀ tiwa, bọ́ọ̀sì méjì la máa ń háyà fún òde kan, owó ọkọ̀ á sì ti jẹ púpọ̀ lára owó òde kí onílù tó gba kọ́bọ̀. Ní 2021, a dáwó jọ, a ra Toyota HiAce tòkunbọ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Hummer bus, ẹlẹ́ńjìnnì lítà 2.7 tó ń mu bẹntiróòlù. Mílíọ̀nù 7 náírà ó lé díẹ̀ la rà á.

Kì í ṣe èyí tí a kọ́kọ́ rí la rà. Ti àkọ́kọ́ ń dán, ó sì ń ta sánsán. Òórùn dídùn yẹn gan-an ló fu mẹkáníìkì wa lára. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn jáde títí dé ìdí, àbàwọ́n ẹrẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, iyanrìn kúnnákúnná wà lábẹ́ ẹ̀, irin ìdí síìtì sì ti dógùn-ún. Ọkọ̀ tí omi ti mù rí ni. Ẹni tó ń tà á ṣì ń búra nígbà tí a fi bá tiwa lọ.

Lọ́dọ̀ èkejì, mi ò fojú wọn nǹkan kan. Àpótí sípíkà wa tó tóbi jù la gbé lọ, a tì í wọlé kí a tó dárúkọ owó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí, òkè ló ń ṣí sí. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ la máa ń wà tú ẹrù, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Àmọ́ bí dírẹ́bà bá fi ìdí ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, kò ní ṣeé ṣí.

A yọ ìlà síìtì tó kẹ́yìn kí sípíkà, ampilifáyà àti jẹnẹrétọ̀ lè ráyè. Ohun tí a ò ṣe ni pé a ò fi irin pààlà sáàárín ẹrù àti èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan nítòsí Ògèrè, màálù já sójú títì, dírẹ́bà tẹ búréèkì, àpótí sípíkà fò kúrò láyè ẹ̀, ó gbá ẹ̀yìn síìtì tí onígìtá wa jókòó sí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọjọ́ kejì la gbọ̀nà ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe tiyín kí ọkọ̀ tó jáde òde àkọ́kọ́.

Ooru ni mi ò fẹ́ràn níbẹ̀, torí abẹ́ síìtì iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Onígángan wa gbé ìlù ẹ̀ síbẹ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó. Nígbà tó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, awọ ti gbẹ, ohùn ti há, ìlù kò sọ̀rọ̀ mọ́. Látọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni gángan ń gbé, a ó fi aṣọ wé e.

Epo náà kì í ṣe kékeré, pàápàá látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. A ti ń ka tiẹ̀ mọ́ owó òde báyìí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀kì tí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ yìí kò tíì dá wa dúró sójú ọ̀nà rí, bí mo bá sì tún máa ra òmíràn, irú ẹ̀ náà ni.