Wáyà Ilẹ̀ fún Ilé Alágbèéká Mi ní Kétu: Iṣẹ́ Kan, Owó Ẹ̀ẹ̀mejì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ti wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, tí oníṣẹ́ iná kan ní Kétu ní Benin níbí ṣe sí ilé alágbèéká tí mò ń gbé. Karafáànì àlòkù ni ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á ní Faransé, tó sì gba èbúté Kùtọnu wọlé. Pánù ni ara rẹ̀, férémù irin ni ìdí rẹ̀, orí táyà ló sì wà kí a tó fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró lẹ́yìn agbo ilé wa, níbi tí mo ti ń dúró kí ilé tí mò ń kọ́ tó parí. Inú mítà SBEE, iléeṣẹ́ iná Benin, ti agbo ilé ni mo ti ń fa iná. Ẹni tó ń gbé inú kọ̀ǹténà tàbí tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù onípánù lè ka ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Oníṣẹ́ àkọ́kọ́, tí n kò ní dárúkọ, gba 25,000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ó kan ọ̀pá irin kan tí kò gùn tó mítà kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó fa wáyà láti ara rẹ̀ wọ inú àpótí iná, ó ní iṣẹ́ ti parí, ó sì lọ. Kò so ohunkóhun mọ́ férémù irin náà. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí fíríìjì, ó lọ́ wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tí àwọn oníṣẹ́ iná wa ń pè ní la terre, pọ̀ mọ́ neutre, wáyà tí iná ń gbà padà, bóyá kí ó má baà fa wáyà mìíràn.

Ní oṣù kẹfà, òjò rọ̀ mọ́jú, ìyá mi sì gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún mi ní àárọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró lórí ilẹ̀ tútù, bí wọ́n sì ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ni iná gbé wọn. Ọpẹ́ ni pé ó ta wọ́n dànù, kò lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi tí mo wà nínú ilé ti fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò sì mọ nǹkan kan lára. Ibi tí irú ilé yìí ti ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn: ẹni tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹyẹ lórí wáyà, nítorí pé iná kò rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níta tó fọwọ́ kan pánù ti di ọ̀nà náà fúnra rẹ̀.

Àna mi ló mú ọ̀gá kejì wá. Ìbéèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá différentiel, ẹ̀rọ tó ń já tí iná bá ń jò, wà níbi tí wáyà ti ń jáde láti agbo ilé. Mo ní ọ̀pá ilẹ̀ ṣáà wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, «Àbúrò, ọ̀pá kì í já iná.» Wọ́n yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ jáde, ọ̀pá tí mo sanwó fún sì fún wa ní ómù 410 (ómù ni a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó; bó bá ṣe kéré tó ló dára tó). Wọ́n mú bírò, wọ́n pín fóòtì 220 sí 410 láti mọ iye iná tó lè gba ọ̀pá náà wọ ilẹ̀, èsì rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ìdajì ámpù lọ. Ẹ̀rọ ajáná oní 16 ámpù tó wà nínú àpótí mi yóò kàn máa wo ìdajì ámpù bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní já láéláé, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ péré nínú rẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Différentiel oní 30 mílí-ámpù ń fi iná tó jáde wé èyí tó padà wọlé, tí ìyàtọ̀ wọn bá sì ti tó 30 mílí-ámpù, ó gbọ́dọ̀ já kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sanwó fún láti ìgbà tí mo ti ń gbélé, àlàyé yìí ni mo mọ rírì rẹ̀ jù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Wọ́n tú wáyà tí oníṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́ mọ́ neutre náà ká lójú mi. Tí neutre bá gé lórí òpó, tí fíríìjì sì wà lórí iná, gbogbo fóòtì 220 yóò gba inú fíríìjì bọ́ sí ara irin tó yẹ kí wáyà ilẹ̀ dáàbò bò. Mo wá kà lẹ́yìn náà pé òfin iná Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NEC ya abala 550 sọ́tọ̀ fún ilé alágbèéká, ó sì pàṣẹ níbẹ̀ pé neutre kò gbọ́dọ̀ kan férémù ilé náà, àti pé a gbọ́dọ̀ so férémù mọ́ wáyà ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ìlànà ọdún 2002 kò gbà kí wọ́n so irin ara karafáànì pọ̀ mọ́ neutre iléeṣẹ́ iná.

Kíkan ọ̀pá ló gba àkókò jù, ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ ohun tí yangí jẹ́. Ọ̀pá àkọ́kọ́, irin oníbàbà mítà 1.5, kò wọlé tó ìdajì tó fi dá òòlù padà. Ọ̀gá kò bá a jà. Wọ́n lọ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń rin ilẹ̀, wọ́n kan ọ̀pá mẹ́ta síbẹ̀, wọ́n fi mítà mẹ́ta-mẹ́ta jìnnà síra wọn, wọ́n sì fi wáyà bàbà oníhòòhò so wọ́n pọ̀ nínú kòtò tó jìn dé orúnkún. Ẹ̀rọ ka ómù 74. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó ju 100 lọ, nítorí pé fóòtì 50 ni a lè fara dà lára irin, àti pé 100 náà ni èèyàn ń rí tó bá pín 50 sí ìdajì ámpù, èyí tí ọ̀pọ̀ différentiel ńlá ìdí mítà fi ń já.

Wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára férémù kí wáyà tó kan irin gan-an, wọ́n tún so páìpù gáàsì àti ọpọ́n ìfọbọ́ onírin mọ́ ọn. Wáyà tó wá láti agbo ilé, tí mo ti fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀ níbi mẹ́ta, ni wọ́n kọ́kọ́ jù nù. Wọ́n fi ẹyọ wáyà onírọ́bà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, mítà 25, ojú mẹ́ta, mílímítà 2.5. Différentiel wà ní agbo ilé, kì í ṣe inú karafáànì, kí ó lè ṣọ́ wáyà náà pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ kejì kò dùn mọ́ mi. Iná ń já láago márùn-ún ìdájí, aládùúgbò kan sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fo différentiel náà kọjá. Díẹ̀ ló kù kí n gbà. Ọ̀gá ní kí n máa yọ nǹkan kúrò lójú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì rí i pé ẹ̀rọ tí mo fi ń se omi ìwẹ̀ ló ń jò. Ẹ̀rọ yẹn ló ṣeé ṣe kó fi iná sí ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ìyá mi wá.

96,000 sẹ́fà ni mo san, ohun èlò wà nínú rẹ̀. Kò wọ́n. Àléébù wọn ni pé wọ́n máa ń pẹ́ dé, wọn kò sì ṣe ìdérí sí orí àwọn ọ̀pá náà. Ewúrẹ́ ti fẹsẹ̀ fa wáyà yọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò tún sọ fún mi pé bọ́tìnì T tí mò ń tẹ̀ lóṣooṣù kì í yẹ ọ̀pá ilẹ̀ wò rárá, ara différentiel nìkan ló ń dán wò. Èmi ni mo béèrè. Nígbà tí ọyẹ́ mú tí ilẹ̀ sì gbẹ, mo pè wọ́n padà, ẹ̀rọ ka ómù 91. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí omi ìwẹ̀ máa ṣàn gba ibẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí láti kọ gbogbo òǹkà náà sórí ìwé fún mi. Ìwé ọ̀hún ni mo ṣì ń retí.