Drupal fún ìkànnì yunifásítì: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó o lójoojúmọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 2015, àgbà olùkọ́ kan pè mí lórí fóònù. Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lóhùn wọn pé inú ń bí wọn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lórí ìkànnì wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n lójú ewé fákọ́tì. Lójú ewé dìpátímẹ́ǹtì, Dókítà ni wọ́n. Nínú àkójọ àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PG, Dókítà náà ni. Níbi kẹrin, orúkọ bàbá wọn gan-an la kọ lódì. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, èwo ni kí ẹni tó ń wá mi láti òkè òkun gbà gbọ́?” Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi odindi wákàtí kan wá gbogbo ibi tí orúkọ wọn wà, mo ń tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún rí ibi karùn-ún.

Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló gbé wa dé orí Drupal. Ẹ̀ka ICT ní yunifásítì kan ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ sì ni iṣẹ́ mi. Ní 2016 la kó gbogbo rẹ̀ sórí Drupal 7. Ní 2024 la kó o lọ sórí Drupal 10. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: Drupal jẹ́ CMS, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ HTML (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé ìkànnì) wọlé pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kó tẹ bọ́tìnì, kí ojú ewé sì jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Dries Buytaert, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wà ní Yunifásítì Antwerp, kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn; ní 2001 ló tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé. “Dorp”, tó túmọ̀ sí abúlé lédè Dọ́ọ̀ṣì, ló fẹ́ sọ ìkànnì náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tẹ̀ ẹ́, ó di “drop”, ìyẹn ẹ̀kán omi; láti ara “druppel”, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀kán omi lédè Dọ́ọ̀ṣì, ni “Drupal” ti wá. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, torí pé inú ilé ẹ̀kọ́ ni nǹkan yìí ti ṣẹ̀, ó sì hàn nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ibi tó ti borí lọ́wọ́ mi nìyí. Lórí Drupal, a kì í kọ olùkọ́ sí ojú ewé. A máa ń dá olùkọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan tó dá dúró: àpótí kan fún orúkọ, ọ̀kan fún oyè, ọ̀kan fún dìpátímẹ́ǹtì, ọ̀kan fún ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí, ọ̀kan fún fọ́tò. Lẹ́yìn náà, apá kan tí wọ́n ń pè ní Views á lọ kó wọn jáde bí a bá ṣe fẹ́: gbogbo olùkọ́ dìpátímẹ́ǹtì yìí, gbogbo Ọ̀jọ̀gbọ́n fákọ́tì yẹn, gbogbo ẹni tó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ PG lọ́dún yìí. Ibì kan ṣoṣo ni oyè wà. Tí ẹnì kan bá di Ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí, akọ̀wé dìpátímẹ́ǹtì á ṣí fọ́ọ̀mù, á yan “Ọ̀jọ̀gbọ́n” dípò “Dókítà”, á tẹ bọ́tìnì, ó parí. Nígbà àkọ́kọ́ tí màmá kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ̀kan nínú àwọn dìpátímẹ́ǹtì wa ṣe é, wọ́n pè mí: “Ẹ ṣeun o, mo rí i pé ẹ ti bá mi tún ti fákọ́tì náà ṣe.” Mo ní, “Mà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mo ṣe é?” Ayọ̀ tó wà nínú ohùn yẹn, mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkànnì pe pọ́tà o. Èsì ìdánwò, owó ilé ẹ̀kọ́, ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì, àwọn wọ̀nyí wà lórí pọ́tà, ètò mìíràn ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi Drupal ṣe pọ́tà ń wá wàhálà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kàn. Fákọ́tì kò fẹ́ kí fákọ́tì mìíràn fọwọ́ kan ojú ewé òun, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Drupal fúnra rẹ̀ lè sọ pé “akọ̀wé lè tún ìròyìn ṣe”, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé “akọ̀wé Fákọ́tì Òfin lè tún ti Òfin nìkan ṣe” láìjẹ́ pé a fi module, ìyẹn àfikún ètò, kún un. Workbench Access la lò, ó sì ti dúró ṣinṣin. Lórí ìyẹn, a ní ìpele mẹ́ta: akọ̀wé á kọ ọ́, olórí dìpátímẹ́ǹtì á wò ó, èmi tàbí ẹnìkejì mi á tú u síta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn olórí dìpátímẹ́ǹtì kan ń ráhùn pé ó ń pẹ́. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ náà, ẹnì kan fẹ́ pààrọ̀ ìlà kan péré nínú tábìlì owó ilé ẹ̀kọ́. Ó kó gbogbo tábìlì jáde láti inú Word, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tábìlì ọdún tó kọjá ló sì kó. Ó tẹ bọ́tìnì, nítorí pé ojú ewé yẹn wà lára àwọn tí a ò tíì fi sábẹ́ ìpele mẹ́ta. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwọn òbí ti ń pe Rẹ́jísírà. Mo ṣí ojú ewé náà, mo tẹ “Revisions”, mo rí àkójọ gbogbo bí ojú ewé náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tún un ṣe àti aago tó ṣe é. Mo yan ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo tẹ “Revert”. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. A kò fi orúkọ ẹni náà tó ẹnikẹ́ni létí; a kàn fi ojú ewé náà sábẹ́ ìpele mẹ́ta.

Ohun kan wà tó dùn mí lọ́kàn, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ìkànnì ní ilẹ̀ wa gbọ́. Dìpátímẹ́ǹtì tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní kí orúkọ àwọn wà lórí ìkànnì pẹ̀lú àmì tó pé. A kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, Drupal tọ́jú rẹ̀ láìyingin. Ṣùgbọ́n lójú ewé, lẹ́tà “ẹ” jáde ní ìrísí mìíràn tó rí gbàgẹ̀rẹ̀, àmì òkè fò kúrò lórí “ọ”, ó lọ jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí a yọ àmì kúrò, pé “ìkànnì ò gba Yorùbá”. Irọ́ ni. Fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń ya lẹ́tà sójú ewé, la kó wá láàbọ̀. Apá-apá ni wọ́n pín fọ́ǹtì náà sí; nígbà tí a ń gbé e sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé lórí rẹ̀, apá tí wọ́n pè ní “latin” nìkan la mú. Ṣ wà nínú “latin-ext”. Ẹ àti ọ sì wà nínú èyí tí wọ́n pè ní “vietnamese”, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà bíi tiwa. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, orúkọ dìpátímẹ́ǹtì náà sì jáde bó ṣe yẹ. Kò sí ìdí kankan tí yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá yóò fi máa kọ “Eka Eko”.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ná wa, torí kò kéré.

Drupal kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta 2018, àwọn tó ń bójú tó ààbò rẹ̀ kéde ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé àtúnṣe pàtàkì ń bọ̀ ní ọjọ́ 28, kí gbogbo ènìyàn múra. Alẹ́ Ọjọ́rú ni. Aago méje kọjá díẹ̀ níbí, kò sí iná ní ọ́fíìsì, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ilé sáfà níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń dúró. Nígbà tó jáde, mo gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ń gba ihò yẹn wọ ìkànnì àwọn tí kò tíì ṣe àtúnṣe. Ẹ bi ara yín: ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ta ni ì bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Èkejì ni kíkó láti 7 lọ sí 10. Àtìlẹ́yìn Drupal 7 dópin ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Láti 8 sí 9 sí 10, àtúnṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n láti 7, ilé tuntun ni ẹ máa kọ́, kí ẹ tó wá kó ẹrù láti inú ti àtijọ́. Drupal 10 ń béèrè PHP 8.1 (PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ Drupal), ilé iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì wa lálejò sì ṣì wà lórí 7.4. Composer, tí a fi ń gbé àtúnṣe wọlé, máa ń jẹ mẹ́mọ̀rì gan-an. Lórí sáfà àjọlò olówó pọ́ọ́kú, ó ń kú sójú ọ̀nà. A ní láti gba sáfà tiwa. Owó lèyí, àkókò sì ni.

WordPress ńkọ́? CMS mìíràn tó dáa ni, mi ò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Láti 2010 ló ti ní Multisite, tí dìpátímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan fi lè ní ìkànnì tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Akọ̀wé kọ́ ọ kíá ju Drupal lọ. Wákàtí méjì péré ti tó. Ohun tó mú wa yàgò ni pé lábẹ́ Multisite, olùkọ́ tó wà nínú ìkànnì dìpátímẹ́ǹtì kan kò wà nínú ti fákọ́tì àfi kí a tún un kọ, ibi tí wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní ó kéré tán ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìkànnì, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń tẹ àṣẹ sí Linux (ètò tó ń darí sáfà), mo gbà yín nímọ̀ràn tọkàntọkàn pé kí ẹ lo WordPress, kí ẹ fi plugin (àfikún ètò tirẹ̀) ìwọ̀nba sí i. Drupal tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú léwu ju ojú ewé HTML àtijọ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí a bá gbé ìkéde Post-UTME síta, ìkànnì àtijọ́ máa ń dojú bolẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Drupal máa ń tọ́jú ojú ewé tó ti ṣe tán fún àwọn àlejò tí kò wọlé pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù, kò sí pé ó ń tún ojú ewé náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Láti 2016 kò tíì ṣubú lọ́jọ́ Post-UTME. Ní ti Webometrics, àtẹ tó ń to àwọn yunifásítì sípò, tí àwọn ọ̀gá máa ń béèrè, CMS kò lè gbé ipò ilé ẹ̀kọ́ sókè tí kò bá sí iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ àti àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́, bó ti wù kí Gíwá máa kánjú tó. Kó lọ sí Rẹ́jísírì, kó gba àkójọ gbogbo olùkọ́, orúkọ, oyè àti dìpátímẹ́ǹtì, kó gbé e lọ sí dìpátímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin ni tiwa gbà, torí pé ní dìpátímẹ́ǹtì kan ṣoṣo, orúkọ olùkọ́ mọ́kànlá ni kò bára mu láàárín ìwé Rẹ́jísírì àti ti dìpátímẹ́ǹtì.